Ó Ṣojú Mi Kòró: Ìrántí Eré Rọ́ọ̀kì àti Afrobeat ní Yábàá, Muṣin àti Sùúrùlérè

Àṣamọ̀

Láàrin ìparí ogun abẹ́lé Nàìjíríà ní ọdún 1970 àti oṣù Kejì ọdún 1977 tí àwọn ọmọ ogun dáná sun ilé Fẹlá, Yábàá, Muṣin àti Sùúrùlérè wà lára ibi tí àwọn ọ̀dọ́ Èkó ti ń wo eré rọ́ọ̀kì, sóòlù àti Afrobeat lójúkojú. Àwọn ọ̀dọ́ náà ti di àgbà. Òde tí wọ́n lọ nígbà náà ti di ìtàn tí wọ́n fi ń dá ara wọn lára yá. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé ìdí tí irú ìrántí bẹ́ẹ̀ fi ju ọ̀rọ̀ ìdárayá lásán lọ. Kókó rẹ̀ ni pé ohun tí àwo orin gbà sílẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí èrò gbọ́ nínú ilé ijó, nítorí náà ẹni tí ó wà níbẹ̀ ni ó kù tí ó lè jẹ́rìí sí ọ̀pọ̀ nínú eré wọ̀nyí. Àpilẹ̀kọ náà tún ṣàlàyé bí olùwádìí ṣe lè wọn ìrántí wò kí ó tó gbà á bí ìtàn.

Ìfáàrà

Nínú èdè Yorùbá, ọ̀nà méjì ni ẹni tí ó ń sọ ohun tí ó ti kọjá fi ń ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn tí ó ṣáájú ni wọ́n sọ ọ́ fún un, àrọ́bá ni, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Bí ó bá jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, yóò ní, "Ó ṣojú mi kòró." Gbólóhùn kejì yìí ni ó sábà máa ń jáde lẹ́nu àwọn àgbà Èkó nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan orin ìgbà èwe wọn. Jan Vansina, nínú ìwé rẹ̀ lórí ìtàn àtẹnudẹ́nu tí ó jáde ní ọdún 1985, ya irú ẹ̀rí yìí sọ́tọ̀: ìrántí ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀ kò tíì di ìtàn àtẹnudẹ́nu títí di ìgbà tí ó bá kọjá sọ́dọ̀ ìran mìíràn. Àárín méjèèjì gan-an ni ìrántí eré orin Méńláńdì wà lónìí. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 18 ní ọdún 1970 ti lé ní ọmọ àádọ́rin ọdún. Bí a kò bá bi í ní ìbéèrè báyìí, ohun tí yóò kù lẹ́yìn rẹ̀ ni ohun tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá rántí pé ó sọ.

Ẹ̀kọ́ Yorùbá ti ṣe iṣẹ́ ribiribi lórí oríkì, ìjálá, ẹsẹ̀ ifá àti ìtàn orírun. Lórí orin ìgboro pẹ̀lú, iṣẹ́ Christopher Waterman lórí jùjú jáde ní ọdún 1990, ti Michael Veal lórí Fẹlá ní ọdún 2000, ti Tejumola Olaniyan lórí Fẹlá kan náà ní ọdún 2004. Olórin, orin rẹ̀ àti ìṣèlú rẹ̀ ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gbájú mọ́ jù lọ. Karin Barber pe àkíyèsí sí àlàfo tí ó wà níbẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ tí ó kọ ní ọdún 1997 nípa àwọn olùgbọ́ ní Áfíríkà: olùgbọ́ kì í ṣe agbada òfìfo tí a ń da nǹkan sí, ó wà lára àwọn tí ń ṣẹ̀dá eré, ọ̀nà tí ó sì ń gbà péjọ láti gbọ́ ní ìtàn tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí bá Shrine ti Ìdí-Òro mu bí ó ṣe bá ojúde ọba mu.

Ibi tí eré ti ń wáyé

Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ ohun tí àwọn àgbà ń rántí, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ bí ibi ìrántí náà ṣe rí. Ní òpópónà Ìkòròdú ni Bobby Benson ti dá Caban Bamboo sílẹ̀, ibi tí háíláìfù ti gbilẹ̀. Ní Sùúrùlérè ni Victor Ọláìyá ní Stadium Hotel. Ní Alágoméjì, Yábàá, ni ilé ijó Kakadu wà, níbi tí Fẹlá àti ẹgbẹ́ rẹ̀ Koola Lobitos ti ṣeré, tí Fẹlá sì sọ ibẹ̀ ní Afro-Spot. Lẹ́yìn ìrìn àjò rẹ̀ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1969, ó ṣí kiri díẹ̀ kí ó tó fìdí kalẹ̀ sí àgbàlá Empire Hotel ní Ìdí-Òro, ó sì pe ibẹ̀ ní Afrika Shrine. Ilé rẹ̀, Kalakuta, kò jìnnà sí ibẹ̀, ní òpópónà Agége. Ní Yábàá kan náà ni Ebenezer Obey ti ní Miliki Spot fún àwọn olólùfẹ́ jùjú.

Ìdí tí gbogbo rẹ̀ fi kó jọ sí Méńláńdì kò ṣòro láti rí. Láti ọdún 1955 ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn ilé àtijọ́ kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí wọ́n sì ń kó àwọn ará ibẹ̀ lọ sí ilé tuntun ní Sùúrùlérè. Muṣin ní yàrá tí owó rẹ̀ kò ga fún òṣìṣẹ́, oníṣẹ́ ọwọ́ àti ọmọ ìgbèríko tí ó wá ṣe ayé ní Èkó. Yábàá ní ilé-ẹ̀kọ́ lọ́tùn-ún lósì: Igbóbì College, Queen's College, Yaba College of Technology, àti Yunifásítì Èkó tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1962, tí ọgbà rẹ̀ wà ní Àkọkà. Akẹ́kọ̀ọ́ Àkọkà àti mẹkáníìkì Muṣin kò jìnnà sí ara wọn, owó ọkọ̀ díẹ̀ ni ó wà láàrin wọn. Nínú ilé ijó ni wọ́n ti pàdé. Èyí wà lára ohun tí ìrántí fi ń yàtọ̀ sí ìwé ìròyìn ìgbà náà: ẹni tí ó wà níbẹ̀ lè sọ ẹni tí ó jókòó tì í.

Ìgbà tí eré ń wáyé náà ṣe pàtàkì. Òru ni eré ńlá máa ń jẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ilé ijó Èkó tún ní eré ọ̀sán Sunday tí wọ́n ń pè ní jọ́ǹpù. Ọmọ ilé-ìwé tí bàbá rẹ̀ kò lè gbà kí ó jáde lóru lè lọ sí jọ́ǹpù lẹ́yìn ìjọsìn, kí ó sì padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí àgbàlagbà kan bá ń sọ nípa òde kan, ó yẹ kí olùwádìí béèrè bóyá ọ̀sán ni tàbí òru. Ìdáhùn náà yóò sọ ọjọ́ orí rẹ̀ nígbà náà, irú ilé tí ó ti wá, àti bóyá àwọn òbí rẹ̀ mọ̀.

Bí rọ́ọ̀kì ṣe dé

Láti inú àwo orin, rédíò àti sinimá ni rọ́ọ̀kì gbà wọ Èkó ní àwọn ọdún 1960. Àwọn ọ̀dọ́ kó ẹgbẹ́ jọ, wọ́n ń kọ orin Beatles àti ti àwọn mìíràn gẹ́lẹ́ bí ó ṣe wà nínú àwo. Kọpiráìtì ni wọ́n ń pe irú orin bẹ́ẹ̀: orin ẹlòmíràn tí a kọ láìyí i padà. Ọ̀rọ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdìkejì ìtumọ̀ rẹ̀ nínú òfin, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń fi ọ̀rọ̀ wá àwọn àgbà lẹ́nu wò gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò ṣi wọ́n gbọ́. Àwọn ẹgbẹ́ bí The Hykkers àti The Clusters ni ó mú irú orin yìí gbajúmọ̀.

Lẹ́yìn náà ni Geraldo Pino àti ẹgbẹ́ rẹ̀, The Heartbeats, ti Sierra Leone wá. Orin sóòlù bíi ti James Brown ni wọ́n ń kọ, pẹ̀lú ẹ̀rọ ohùn tí ó lágbára ju èyí tí etí Èkó ti mọ̀ lọ. Nínú ìwé tí Carlos Moore kọ nípa Fẹlá, tí ó jáde ní ọdún 1982, Fẹlá fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé dídé Pino da òun láàmú gidigidi. Ní ọdún 1970 James Brown fúnra rẹ̀ wá sí Nàìjíríà, àwọn olórin rẹ̀ sì lọ wo Fẹlá. Ginger Baker, onílù ẹgbẹ́ Cream ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, náà wá, ó bá Fẹlá ṣeré, ó sì kọ́ ilé ìgbohùnsílẹ̀ kan sí Ìkẹjà. Nígbà tí Paul McCartney wá ní ọdún 1973 láti ṣe àwo orin Band on the Run ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ EMI ní Àpápá, ó lọ sí Shrine, ó sì ti sọ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé orin tí òun gbọ́ níbẹ̀ mú omi bọ́ lójú òun. Ẹ̀rí olùgbọ́ ni ìyẹn pẹ̀lú. Ohun tí ó fi yàtọ̀ sí ti ọ̀dọ́ Muṣin tí ó jókòó sí tòsí rẹ̀ ni pé ayé bi McCartney ní ìbéèrè.

Ní ọdún 1972 ni Berkley Jones, Láolú Akíntóbí àti Mike Odùmósù dá BLO sílẹ̀. Àwo wọn àkọ́kọ́, Chapter One, jáde ní ọdún 1973. Ẹgbẹ́ Monomono ti Joni Haastrup, tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ mànàmáná, wà lójú ọpọ́n ní ìgbà kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni Ofege, àwọn ọmọ ilé-ìwé St. Gregory's ní Obaléńdé, tí Odion Iruoje bá ṣe àwo Try and Love fún EMI nígbà tí wọ́n ṣì wà ní ilé-ìwé. Orúkọ rọ́ọ̀kì Nàìjíríà tí a fi ń pe gbogbo wọn lónìí gba agbára púpọ̀ láti ọwọ́ àwọn tí ó tún orin wọn tẹ̀ jáde ní òkè òkun, bí àkójọ Nigeria Rock Special ti ọdún 2008 àti Wake Up You! ti ọdún 2016. Lórí ìtàgé, ààlà náà kò le tó bẹ́ẹ̀. Àwọn méjì nínú BLO ti wà nínú The Clusters tí ń kọ kọpiráìtì, wọ́n tún ti bá Ginger Baker ṣeré nínú ẹgbẹ́ Salt kí wọ́n tó dá tiwọn sílẹ̀. Gìtá tí ń ké bíi ti Jimi Hendrix àti ìlù tí ń rìn bíi ti Afrobeat lè jáde láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ kan náà ní òru kan náà. Nítorí náà, bí àgbà kan bá sọ pé rọ́ọ̀kì ni òun lọ wò, tí ó sì dárúkọ Fẹlá, kò yẹ kí a sáré sọ pé ó ṣì í.

Ohun tí àwo orin kò gbà sílẹ̀

Ibi yìí ni ìrántí ti wúlò jù lọ. Àṣà Fẹlá ni pé bí orin kan bá ti di àwo, kì í sábà kọ ọ́ lórí ìtàgé mọ́. Orin tuntun, tí kò tíì sí ní ọjà, ni èrò Shrine ń gbọ́. Wọ́n lè gbọ́ ọ fún ọ̀pọ̀ oṣù kí àwo rẹ̀ tó jáde, nígbà tí Fẹlá ṣì ń pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ dà, tí Tony Allen ṣì ń wá ìlù tí yóò bá a mu. Ìgbà tí àwo bá jáde, àwọn tí ó wà níbẹ̀ yóò ti mọ orin náà ní ọ̀nà mìíràn. Bí àgbà kan bá gbọ́ àwo Gentleman tàbí Confusion lónìí, tí ó sì ní, "Kì í ṣe bí ó ṣe ń kọ ọ́ nìyí," àwọn ọmọ rẹ̀ lè rò pé ogbó ni ó ń dà á láàmú. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé orin tí ó ṣáájú àwo ni ó ń jẹ́rìí sí, èyí tí téèpù kankan kò gbà.

Ìwọ̀n àwo pẹ̀lú ní ohun tí ó fà. Ojú kan àwo ńlá kò lè gba orin tí ó ju bí ogún ìṣẹ́jú ó lé díẹ̀ lọ kí ohùn rẹ̀ má baà bàjẹ́. Confusion, tí ó jáde ní ọdún 1975, gba ojú méjèèjì àwo kan, olùgbọ́ sì ní láti dìde yí i padà ní àárín. Lórí ìtàgé kò sí ojú kejì. Dùùrù lè máa lọ, kí àwọn oníjó máa jó, kí Fẹlá sì wọ inú orin nígbà tí ó bá wù ú. Ohun tí ẹni tí ó wà níbẹ̀ ń rántí gẹ́gẹ́ bí orin tí kò lópin kì í ṣe àsọdùn lásán. Ìyàtọ̀ láàrin àwo àti òru ni.

Ẹ̀kẹta ni yábis. Láàrin orin, Fẹlá a máa bá èrò sọ̀rọ̀. A fi ìjọba ṣe yẹ̀yẹ́, a fi ọlọ́pàá ṣe yẹ̀yẹ́, a sì fi èrò fúnra wọn ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn náà a sì fèsì. Ọjọ́ Friday ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Ẹni tí ó mọ ẹ̀fẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tàbí bí àwọn eléégún aláré ṣe ń fi àwọn ará ìlú ṣẹ̀fẹ̀ lójú agbo, kò ní rí yábis bí ohun àjèjì: ẹni tí ó dúró sójú agbo ní ẹ̀tọ́ láti sọ ohun tí ẹlòmíràn kò lè sọ ní ojú títì. Bí lílé àti ègbè orin ṣe rí náà ni yábis rí, èrò ni elégbè. Lórí àwo, àwọn obìnrin akọrin ni wọ́n ń gbe orin. Ní Shrine, gbogbo ilé ni. Ohun tí èrò sọ padà kò sí nínú àwo, ó sì ṣọ̀wọ́n nínú ìwé. Ọ̀dọ̀ àwọn tí ó sọ ọ́ ni a ti lè rí i.

Ẹnì kan lè béèrè pé ṣé kò sí téèpù tàbí fíìmù ni. Ó wà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó wà. Àwo tí Fẹlá àti Ginger Baker ṣe ní ọdún 1971, tí àkọlé rẹ̀ ń sọ pé ojú èrò ni wọ́n ti ṣe é, ilé ìgbohùnsílẹ̀ Abbey Road ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti ṣe é, níwájú àwọn tí wọ́n pè wá. Fíìmù Music Is the Weapon, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ Shrine, ọdún 1982 ni, nígbà tí Shrine ti kúrò ní Ìdí-Òro lọ sí Ìkẹjà. Accra ní oríire tí Méńláńdì kò ní: eré Soul to Soul ti ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹta ọdún 1971, níbi tí Santana, Wilson Pickett, àti Ike pẹ̀lú Tina Turner ti ṣeré, di fíìmù ní ọdún náà gan-an, ẹni tí ó bá fẹ́ lè wò ó lónìí. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun sì jó Kalakuta, ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ fún The Black President, fíìmù tí Fẹlá ń ṣe nípa ìgbésí ayé rẹ̀, jóná pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tí kò sí ní ilé ìpamọ́ yìí ni ìrántí ní láti rọ́pò.

Bí a ṣe lè wọn ìrántí wò

Pé ìrántí wúlò kò sọ ọ́ di òótọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ti ọjọ́. Àwọn àgbà kì í sábà rántí ọdún, wọ́n ń rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nítòsí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wọn ṣe ń ka ọjọ́ orí mọ́ ogun tàbí mọ́ ìgbà ọba kan. Ìṣẹ̀lẹ̀ tí ó lọ́jọ́ pọ̀ tó láti fi tọ́ wọn sọ́nà: ìparí ogun ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1970, ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972 tí gbogbo ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba apá ọ̀tún, ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1973 tí náírà dé, ìṣubú Gowon ní oṣù Keje ọdún 1975, ikú Múrítàlá ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kejì ọdún 1976, àti FESTAC ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1977. Bí ẹnì kan bá rántí pé ọkọ̀ tí ó gbé òun lọ sí Kakadu ń gba apá òsì, a ti mọ ìgbà tí ó ṣáájú.

Ṣùgbọ́n àmì kan lè tan olùwádìí jẹ. Ẹni tí ó bá ní ṣílè ni òun san ní ẹnu ọ̀nà, kò túmọ̀ sí pé ṣáájú ọdún 1973 ni. Kọ́bọ̀ mẹ́wàá ni ó rọ́pò ṣílè kan, àwọn ènìyàn sì ń pe kọ́bọ̀ mẹ́wàá ní ṣílè fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Ìbéèrè tí ó dára jù ni ti ojú owó náà: bí ó ṣe rí àti àwòrán tí ó wà lára rẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni ti orúkọ. Ẹgbẹ́ Fẹlá jẹ́ Koola Lobitos, ó di Nigeria 70, ó di Afrika 70, lẹ́yìn tí Tony Allen kúrò ó di Egypt 80. Fẹlá fúnra rẹ̀ ń jẹ́ Ransome-Kútì kí ó tó sọ ọ́ di Aníkúlápó ní àárín àwọn ọdún 1970. Ẹni tí ó bá rántí Egypt 80 ní Ìdí-Òro ti da òde méjì pọ̀. Kò purọ́. Òde tí ó ṣẹ̀yìn ni ó fún èyí tí ó ṣáájú lórúkọ.

Ọ̀nà kẹta ni kí a béèrè ohun tí ó ti gbọ́ tàbí tí ó ti wò láti ìgbà náà. Eré Fela! dé Broadway ní ọdún 2009, ó sì wá sí Èkó ní ọdún 2011. Eré Kakadu, tí Uche Nwokedi kọ, gbé ilé ijó Alágoméjì sórí ìtàgé ní ọdún 2013. Ìwé Benson Idonije jáde ní ọdún 2016. Àwòrán inú irú eré àti ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń wọnú ìrántí ẹni tí ó wò ó, títí tí kò fi ní mọ èyí tí ojú rẹ̀ rí ní ogójì ọdún sẹ́yìn yàtọ̀ sí èyí tí ó rí lórí ìtàgé. Ohun kékeré tí eré kò ní nílò ni ó sábà máa ń jẹ́ ti ẹni náà gan-an: orúkọ ọ̀rẹ́ tí ó yá a ní bàtà gàràǹtí, ibi tí ó ti dúró de ọkọ̀ ìdájí, ohun tí ó jẹ ní ẹ̀bá ọ̀nà kí ó tó wọlé.

Ohun tí ìrántí ń bò mọ́lẹ̀

Àwọn àgbà a máa sọ pé orin ìgbà àwọn ni orin, pé ariwo ni ti ìsinsìnyí. Ó yẹ kí olùwádìí rántí pé ohun kan náà ni àwọn òbí wọn sọ nípa wọn. Ní ojú ọ̀pọ̀ ìdílé Yábàá àti Sùúrùlérè, ọmọ tí ó bá ń lọ sí Shrine ti di ọmọ ìta. Igbó ń rùn níbẹ̀, ọlọ́pàá sì lè dé nígbàkígbà. Ìbẹ̀rù yìí sábà máa ń parẹ́ nínú ìtàn tí bàbá àgbà ń sọ fún ọmọ ọmọ rẹ̀, nítorí pé ó ti di ẹni tí ń kìlọ̀ fún ọ̀dọ́. Ìbéèrè tí ó máa ń ṣí ilẹ̀kùn ni: "Kí ni ẹ sọ nílé pé ẹ ń lọ?"

Ohùn obìnrin ni ó ṣọ̀wọ́n jù. Carlos Moore fi ọ̀rọ̀ wá àwọn ìyàwó Fẹlá lẹ́nu wò nínú ìwé rẹ̀, èyí sì ṣe iyebíye. Àwọn tí ó wà lórí ìtàgé tàbí nínú ilé ni wọ́n. Akọ̀wé ọ́fíìsì tí ó wá láti Èbúté-Mẹ́tta, tàbí akẹ́kọ̀ọ́ Àkọkà tí ó tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, kò sí ẹni tí ó sábà bi wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti di ìyá ìjọ tàbí àlájà, wọn kò sì ní fẹ́ kí a kọ orúkọ wọn. Ó yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún èyí. A lè gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láìkọ orúkọ, bí a bá kọ ọdún ìbí, àdúgbò àti iṣẹ́.

Iná ọdún 1977

FESTAC bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1977, ó sì parí ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kejì. Fẹlá kọ̀ láti bá wọn ṣe é, ọ̀pọ̀ àlejò sì wá a lọ sí Shrine. Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn tí àjọ̀dún náà parí, ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kejì, àwọn ọmọ ogun ya wọ Kalakuta. Wọ́n lu àwọn ará ilé, wọ́n ju Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, ìyá Fẹlá, láti ojú fèrèsé, wọ́n sì dáná sun ilé náà. Ìyá náà kú ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹrin ọdún 1978. Shrine kò pẹ́ kúrò ní Ìdí-Òro lẹ́yìn iná yìí.

Nínú ìrántí àwọn ará Muṣin àti Sùúrùlérè, ọjọ́ yìí ti di ìlà tí ó pín ayé sí méjì: kí wọ́n tó jó o, àti lẹ́yìn tí wọ́n jó o. Ó tún jẹ́ ibi tí "ó ṣojú mi kòró" ti nílò àyẹ̀wò jù lọ. Ẹni tí ó rí èéfín láti Ojúẹlẹ́gba rí nǹkan. Ẹni tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà rí nǹkan mìíràn. Ẹni tí ó gbọ́ ní ọjà ní ọjọ́ kejì kò rí i, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá tí ó ti ń sọ ọ́, ó lè gbàgbọ́ pé òun rí i. Ọ̀ràn yìí lágbára ju ti orin lọ nítorí pé ẹ̀sùn wà nínú rẹ̀. Olùwádìí kò gbọdọ̀ fi àrọ́bá kọ ẹ̀rí, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ fi àìdánilójú ọjọ́ tàbí wákàtí sọ pé ìyà kò jẹ ẹnikẹ́ni.

Àgbálọgbábọ̀

Àlàyé tí ó ṣáájú fi hàn pé ìrántí eré orin ní Méńláńdì ní iṣẹ́ mẹ́ta tí ó ń ṣe: ó ń sọ ẹni tí ó jókòó ti ẹnì kan nínú ilé ijó, ó ń jẹ́rìí sí orin tí ó ṣáájú àwo, ó sì ń pa ohùn èrò mọ́. Láti gbà á sílẹ̀ dáadáa, ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò ṣe iṣẹ́ yìí mójú tó.

Àkọ́kọ́, kí a fi Yorùbá bi àwọn tí Yorùbá jẹ́ èdè wọn. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, àgbà lè sọ pé eré náà dára, kí ó sì dákẹ́. Ní Yorùbá yóò sọ pé orí òun wú, pé ara òun bù máṣọ, pé etí òun dí títí ilẹ̀ fi mọ́. Ara ni ó gba orin náà sílẹ̀, èdè tí ó mọ orúkọ ohun tí ara ń ṣe ni yóò lè gbé e jáde. Èkejì, kí a bá wọn rìn. Ẹni tí ó bá dúró ní Ìdí-Òro yóò rántí ibi tí ìlẹ̀kùn wà, àti ibi tí ọkọ̀ ń já èrò sí, ju ẹni tí ó jókòó ní pálọ̀ lọ. Ẹ̀kẹta, kí ohùn tí a gbà sílẹ̀ wà níbi tí gbogbo ènìyàn lè ti gbọ́ ọ, pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi tí a ti gbà á, kí olùwádìí tí ń bọ̀ lè yẹ ọ̀rọ̀ ẹnì kan wò pẹ̀lú ti ẹnìkejì.

Ní ọdún 2014, Wizkid, ọmọ Sùúrùlérè, fi Ojúẹlẹ́gba ṣe àkọlé orin kan tí gbogbo ayé gbọ́. Ní ogójì ọdún ṣáájú ni Fẹlá ti fi oríta kan náà ṣe àpẹẹrẹ ìdàrúdàpọ̀ nínú Confusion. Láàrin orin méjèèjì ni àwọn tí ó rìn gba oríta náà kọjá lọ sí Shrine ti dàgbà. Wọ́n ṣì wà láàyè, wọ́n ṣì lè sọ ohun tí wọ́n gbọ́, bí ẹnì kan bá tètè lọ bi wọ́n.